TA NI Ó Ń RÒYÌN OGÚNLÉNDÉ? Ẹ̀KỌ́ TÍ A KÒ TÍ Ì KỌ́ ÀWỌN ỌMỌ WA

Bismillahir-Rahmanir-Rahim.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá wa láti ara ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí ó sì sọ wá di ìran àti ẹ̀yà kí á lè máa mọ ara wa, kì í ṣe kí á lè máa fi ara wa ṣẹ̀sín. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, ẹni tí àwọn ará ìlú rẹ̀ lé kúrò ní Mẹ́kà, tí àwọn ará Mẹ̀dínà sì gbà tọwọ́-tẹsẹ̀.



Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkókò ìsinmi kan tí wọ́n pè mí sí láìpẹ́ yìí, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà níwájú mi mú bébà, kí olúkúlùkù kọ ohun mẹ́ta tí ó bá kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "ogúnléndé". Ọmọ Mùsùlùmí ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti parí Kùránì, tí àwọn òbí wọn sì ti ṣe wọ̀límọ̀ fún wọn. Nígbà tí mo gba bébà wọn, mo rí "ebi", mo rí "àgọ́", mo rí "oníbárà", mo rí "ẹlẹ́gbin", mo rí "olè". Àwọn mẹ́rin kọ "Boko Haram". Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó kọ orúkọ Ànábì Muhammad. Kò sí ẹni tí ó rántí Ànábì Musa tí ó sá fún Fir'auna lọ sí Madyana, tàbí Ànábì Ibrahim tí baba rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ tí ó fi ìlú sílẹ̀.

Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n ní nínú tẹlifíṣọ̀n ni, àti lórí fóònù. Mo bi wọ́n pé ta ni ó kọ́ wọn bí a ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

ORÚKỌ TÍ Ó SỌ ÒTÍTỌ́ ÀTI ORÚKỌ TÍ Ó JẸ́ OHUN ÌJÀ

Èdè wa fún ẹni tí ogun lé kúrò nílé ní orúkọ tí ó tọ́. Ogúnléndé: ogun ni ó lé e tí ó fi dé. Orúkọ náà kò sọ pé olè ni, kò sọ pé ọ̀lẹ ni, kò sọ pé oúnjẹ wa ni ó wá jẹ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i nìkan ni ó sọ. Àwọn baba wa tí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí, nítorí ogun lé ọ̀pọ̀ nínú wọn rí. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun tú nílé ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ òkúta Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, tí Ṣódẹkẹ́ sì jẹ́ aṣíwájú wọn. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní àsìkò ogun wọ̀nyẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ kún gbogbo ọ̀nà gúúsù títí dé ẹsẹ̀ igbó. Ta ni nínú àwa Yorùbá tí ó lè fọwọ́ sọ àyà pé kò sí ogúnléndé nínú ìran òun?

Ẹ jẹ́ kí á wá wo orúkọ tí àwọn oníròyìn ayé ń pè wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ìwé ìròyìn The Sun ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì gbé àròkọ kan jáde, nínú èyí tí òǹkọ̀wé rẹ̀ fi àwọn tí ń fi ọkọ̀ ojú omi sá kọjá Òkun Mẹditaréníà wé aáyán. Kò pé ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ kan dojú dé nínú òkun náà, tí ènìyàn tí ó lé ní 800 sì bá omi lọ. Zeid Ra'ad al-Hussein, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, rán ayé létí pé irú ọ̀rọ̀ yìí ni ìwé ìròyìn Kangura àti rédíò RTLM ń sọ ní Rùwáńdà kí wọ́n tó pa àwọn Tutsi ní ìpakúpa ní ọdún 1994.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ Rùwáńdà yìí tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí. Àwọn Tutsi tí wàhálà ọdún 1959 àti èyí tí ó tẹ̀lé e ti lé sí ìlú òkèèrè, tí àwọn kan nínú wọn sì gbé ohun ìjà láti padà sílé, ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní aáyán. Láti orí wọn ni orúkọ náà ti bọ́ sí orí aládùúgbò, sí orí olùkọ́ ilé ìwé, sí orí ọmọ ọwọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2003, ilé ẹjọ́ àgbáyé tí ó jókòó ní Arusha dá àwọn mẹ́ta tí wọ́n wà nídìí ìwé ìròyìn àti rédíò náà lẹ́bi. Olóòtú Kangura wà lára wọn, Hassan ni ó sì ń jẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe rò pé jíjẹ́ orúkọ Mùsùlùmí tó láti kó ahọ́n ní ìjánu.

Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2015 kan náà, David Cameron, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ọ̀wọ́ kòkòrò tí ń fò láti fi ṣàpèjúwe àwọn tí ń la òkun náà kọjá. Àwọn ìwé ìròyìn mìíràn ń pè wọ́n ní àkúnya omi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ fara balẹ̀ wo iṣẹ́ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Omi kò ní ìyá. Eéṣú kò ní ọmọ tí ń lọ sí ilé ìwé. Ohun tí à ń ṣe sí àkúnya omi ni kí á sé e. Ohun tí à ń ṣe sí eéṣú ni kí á pa á. Ẹni tí ó bá ti gba orúkọ náà wọlé, ó ti gba ìdájọ́ tí ó tẹ̀lé e wọlé pẹ̀lú.

ÀWÒRÁN NÁÀ A MÁA PURỌ́

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè ṣini lọ́nà, ṣùgbọ́n àwòrán kò lè purọ́. Irọ́ ńlá ni èyí.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, òkun gbé òkú ọmọdékùnrin ará Síríà kan jù sí etí omi lẹ́bàá Bodrum ní Túrkì. Àwòrán rẹ̀ kárí ayé, àwọn tí kò ṣàánú ìran rẹ̀ rí pàápàá sì sunkún. Ní alẹ́ ọdún tuntun tí ó tẹ̀lé e, àwọn ọkùnrin kan hùwà ìbàjẹ́ sí àwọn obìnrin ní ìlú Cologne ní Jámánì. Ìwà náà burú, ìjìyà sì tọ́ sí ẹni tí ó hù ú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2016 náà ni ìwé ìròyìn Charlie Hebdo ní ilẹ̀ Faransé ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan tí ó ní bí ọmọ tí ó kú yẹn ìbá dàgbà, ọ̀kan nínú àwọn tí ń fọwọ́ kan obìnrin ní Jámánì ni ìbá dà. Àwọn tí ń gbèjà ìwé náà ní àwọn ẹlẹ́tanú gan-an ni àwọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó ti wù kí ó rí, òkú ọmọ ni wọ́n mú ṣeré, òkú kì í sì í fèsì.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe yí láàrin oṣù mẹ́rin péré. Nígbà tí ogúnléndé bá jẹ́ òkú ọmọdé, áńgẹ́lì ni. Nígbà tí ó bá jẹ́ ọkùnrin alààyè tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹranko ni. Níbo ni wọ́n fi dókítà inú wọn sí? Níbo ni wọ́n fi ìyá àgbà tí ń la ọmọ ọmọ rẹ̀ ní kéwú sí? Àárín méjèèjì yẹn ni gbogbo ènìyàn ẹlẹ́ran ara ń gbé, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ayàwòrán kì í sì í wò.

Àpẹẹrẹ mìíràn: ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 2016, tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì dìbò lórí kíkúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹgbẹ́ òṣèlú UKIP gbé pátákó ńlá kan jáde. Àwòrán ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n tò gbọọrọ bí ejò ni ó wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibi tí nǹkan yóò ti já ni ó dé yìí. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé ẹnu ibodè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n dúró sí. Ní Slovenia, ní ìtòsí ààlà rẹ̀ pẹ̀lú Croatia, ni wọ́n ti ya àwòrán náà ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, orílẹ̀-èdè púpọ̀ àti òkun sì wà láàrin ibẹ̀ àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwòrán òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n fi í pa.

Nígbà tí ogun bẹ́ ní Yukréènì ní oṣù kejì ọdún 2022, aṣọ yà, ìhòhò hàn. Oníròyìn ilé iṣẹ́ CBS ti Amẹ́ríkà kan sọ lórí afẹ́fẹ́ pé ibẹ̀ kì í ṣe Ìráàkì tàbí Afganístánì, pé ìlú tí ó lajú díẹ̀ jù wọ́n lọ ni. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ní àwọn ọjọ́ kan náà, wọ́n ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú dúró ní ẹnu ibodè, tí ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn, títí Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi kọ̀wé ìbáwí ní ọjọ́ 28 oṣù kejì. Ní oṣù kẹta, Yúróòpù lo òfin ààbò onígbà díẹ̀ kan fún àwọn ará Yukréènì. Ó dára bẹ́ẹ̀, a kò bínú sí ogúnléndé tí ó rí ààbò. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2001 ni òfin yẹn ti wà nílẹ̀, wọn kò sì lò ó rí fún ẹnikẹ́ni, kódà ní ọdún 2015 tí àwọn ará Síríà ń kú sínú omi. Ojú tí oníròyìn fi wo ènìyàn ni ojú tí ìjọba fi ṣe òfin fún un.

Irọ́ tí ó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìlú àwọn òyìnbó ni gbogbo ogúnléndé ń rọ́ lọ. Gẹ́gẹ́ bí àjọ àgbáyé tí ń mójú tó ogúnléndé ti kà á ní ìparí ọdún 2024, mílíọ̀nù 123.2 ènìyàn ni ogun àti inúnibíni ti lé kúrò nílé. Mílíọ̀nù 73.5 nínú wọn kò kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn rárá. Nínú àwọn tí wọ́n sì sọdá ààlà, ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wà ní àwọn ìlú tí kò lówó púpọ̀: ìlú bí Uganda, Pakistan àti Bangladesh. Tálákà ni ó ń gba tálákà sílé, olówó ni ó sì ń pariwo.

NJẸ́ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN WÁ?

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ayé ni èyí, pé kí á jẹ́ kí àwọn ọmọ gbájú mọ́ tajwid àti fiqh. Mo fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé: ẹsẹ kẹfà nínú Súrà Hujurat, tí ó pa á láṣẹ fún onígbàgbọ́ pé kí ó wádìí ìròyìn tí ẹni tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bá mú wá, kí ó má baà ṣe àwọn kan ní jàǹbá láìmọ̀, ṣé kò sí nínú Kùránì tí àwọn ọmọ ń há sórí ni? Ẹsẹ kọkànlá tí ó kọ̀ fún wa láti máa fún ara wa ní orúkọ ìnagijẹ burúkú ńkọ́? Ẹsẹ kejìlá tí ó kìlọ̀ nípa àbá dídá sí ọmọnìkejì ńkọ́? Àwọn ọmọ wa lè ka àwọn ẹsẹ mẹ́ta wọ̀nyí pẹ̀lú ohùn dídùn, wọ́n sì lè sọ ibi tí a ti ń fa ohùn àti ibi tí a ti ń dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn gan-an dé, wọn kò mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n dúró.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọ̀tá Ìsìláàmù ni gbogbo oníròyìn, pé kí á sáà má gba wọ́n gbọ́ mọ́. Èyí náà kì í ṣe ìwádìí, ọ̀lẹ ni. Ẹni tí ó ní òun kò gba ìwé ìròyìn gbọ́ ni ó ń gba gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp gbọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí ọmọ ogun Myanmar dojú ìjà kọ àwọn Mùsùlùmí Rohingya, tí èyí tí ó lé ní 700,000 nínú wọn sì sá lọ sí Bangladesh. Mehmet Şimşek, igbákejì olórí ìjọba Túrkì nígbà náà, gbé àwọn àwòrán kan síta pé àwọn Rohingya ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ ibòmíràn ni wọ́n. Ó yọ wọ́n kúrò nígbà tí ó mọ̀. Ó ti bọ́: Aung San Suu Kyi tọ́ka sí àwòrán wọ̀nyẹn bí ẹ̀rí pé irọ́ ni ayé ń pa mọ́ ìlú òun. Ẹ̀yin ará, ilé àwọn Rohingya ń jó lóòótọ́! Arákùnrin wa tí ó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ láìwádìí ni ó fún olùṣe-ibi ní àwáwí. Olódodo kò nílò irọ́ láti fi gbèjà ẹni tí wọ́n ń ni lára.

ILÉ NI A TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ó kàn báyìí. Ó rọrùn fún wa láti bínú sí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé. Ahọ́n tiwa ńkọ́?

Láti ọdún 2009 tí ìjà Boko Haram ti gbóná ní Borno, ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì ni ó ti di ogúnléndé ní apá ìlà-oòrùn àríwá ilẹ̀ wa. Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn. Boko Haram ni wọ́n ń sá fún. Síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, tí ó gbé ọmọ pọ̀n, tí kò sì gbọ́ Yorùbá, kí ni à ń pè é? Orúkọ ẹni tí ó lé e ni à ń fi pè é! Ẹni tí wọ́n pa baba rẹ̀, à ń fi orúkọ apani sọ ọ́. Àwọn ọmọ mẹ́rin tí ó kọ ọ́ sórí bébà níwájú mi kò hùmọ̀ rẹ̀. Ẹnu wa ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2017, ọkọ̀ òfuurufú ológun ilẹ̀ wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ ogúnléndé ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno. Ìjọba ní àṣìṣe ni. Àwọn tí ó kú ju àádọ́ta lọ. Iye ni wọ́n kà fún wa, ẹnikẹ́ni kò ka orúkọ. Kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó mọ orúkọ ẹyọ ẹnìkan nínú wọn.

A ti gbàgbé bí ó ti ń rí lára. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn baba àti ìyá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ìníṣà àti Ọ̀fà, tí wọ́n ti ń tajà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹlòmíràn sì bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, kó ẹrù lọ́gán. Wọ́n ní onífàyàwọ́ ni wọ́n, wọ́n ní àwọn ni kò jẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà. A ní ọlọ́ṣà ni wọ́n, a ní àwọn ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹnu ni ó yàtọ̀. Títí di òní ni à ń pe báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù wọn ní "Ghana Must Go", a sì ń gbé e lọ síbi ayẹyẹ tẹ̀ríntẹ̀rín. Òfin lè má ka àwọn wọ̀nyẹn sí ogúnléndé, ṣùgbọ́n irú ahọ́n kan náà ni ó lé wọn.

Ẹ sì jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa nínú ẹgbẹ́ yìí. Nígbà tí a bá ń tọrọ sàdákà fún ogúnléndé, irú àwòrán wo ni à ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri mọ́sáláṣí? Ọmọ tí ikùn rẹ̀ wú, tí eṣinṣin bà lé ojú rẹ̀, tí kò ní orúkọ. Ta ni ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà? Èrò wa dára, ṣùgbọ́n àwa náà ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé ọwọ́ tí ó nà jáde nìkan ni ogúnléndé ní. Kì í ṣe bí àwọn Sàhábà ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Nígbà tí Abdur-Rahman ọmọ Awf dé Mẹ̀dínà lọ́wọ́ òfo, tí Sa'd ọmọ Rabi' sì fi ìdajì dúkìá rẹ̀ lọ̀ ọ́, ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún un, ó sì ní kí wọ́n sáà fi ọ̀nà ọjà han òun. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó di ọlọ́rọ̀ tí ń bọ́ ìlú. Ní Orù, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àgọ́ kan wà láti ọdún 1990 títí di ọdún 2007 fún àwọn tí ogun Làìbéríà àti ti Sìẹrà Léónè lé wá. Olùkọ́ wà nínú wọn, oníṣòwò wà nínú wọn, télọ̀ wà nínú wọn. Mélòó nínú wa tí ó ń gba ọ̀nà náà kọjá ni ó dúró bá wọn sọ̀rọ̀ rí?

Ẹ̀KỌ́ TÍ NAJAṢI KỌ́ WA

Bí a bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń gbọ́ ìròyìn nípa ogúnléndé, kí á padà sí Habaṣa. Ní nǹkan bí ọdún 615, àwọn Sàhábà kan sá fún ìnilára Mẹ́kà lọ sí ọ̀dọ̀ Najaṣi, ọba onígbàgbọ́ Náṣárà. Àwọn Kùráṣì rán Amr ọmọ As àti Abdullah ọmọ Abu Rabi'ah tẹ̀lé wọn. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ọba, wọ́n ti pín ẹ̀bùn fún àwọn àlùfáà ààfin, wọ́n sì ti fún wọn ní ohun tí wọn yóò sọ: pé àwọn ọ̀dọ́ aláìgbọ́n ni wọ́n, pé wọ́n ti pa ẹ̀sìn ìran wọn tì, pé kí ọba dá wọn padà láìbá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kíyè sí èyí: ohun tí wọ́n bẹ̀rù jù ni kí ogúnléndé má baà la ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Najaṣi kọ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn. Ó ní kí wọ́n pe àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn wá. Ja'far ọmọ Abu Talib dìde, ó sọ ti ẹnu ara rẹ̀, ó sì ka nínú Súrà Mariyama. Ọba sunkún, ó dá ẹ̀bùn wọn padà fún wọn.

Láti inú ìtàn yìí ni mo ti rí ìbéèrè mẹ́rin tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé kéwú wa mọ̀ bí ó ti mọ àlúwàlá.

Èkíní: Ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Njẹ́ ogúnléndé fúnra rẹ̀ sọ ohun kan nínú ìròyìn yìí, tí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀, àbí Amr nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀?

Èkejì: Orúkọ wo ni wọ́n pè é? Bí a bá yọ orúkọ náà kúrò, tí a fi "ìyá mi" rọ́pò rẹ̀, njẹ́ a óò lè ka gbólóhùn náà sókè?

Ẹ̀kẹta: Níbo àti nígbà wo ni wọ́n ya àwòrán yìí, kí ni ó sì wà níbi tí àwòrán náà parí sí tí wọn kò fi hàn wá?

Ẹ̀kẹrin: Ta ni ó lé e, ta ni ó sì ń jẹ èrè ìròyìn yìí? Ìròyìn tí ó bá sọ pé wọ́n dé, tí kò sọ ohun tí ó lé wọn, ìdajì ìròyìn ni. Ẹni tí ó sì pín ẹ̀bùn ní ààfin ní ohun tí ó ń wá.

Kò gba owó. Kí olùkọ́ mú ìròyìn méjì lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ̀ ẹ́ wò, lọ́kùnrin lóbìnrin. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ bá ogúnléndé kan tí ó wà ní àdúgbò wọn, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá gbà, ní orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Kí wọ́n kà á fún un kí wọ́n tó kà á fún ẹlòmíràn. Mo bẹ àwọn alákòóso ẹ̀ka gbogbo kí wọ́n fi èyí sínú ètò ẹ̀kọ́ ìsinmi tí ń bọ̀.

TA NI Ó KỌ́KỌ́ NÍ KÍ WỌ́N LÉ WỌN LỌ?

Mo fẹ́ kí ìtàn yìí jẹ́ ìparí ọ̀rọ̀ mi. Ní ìrìn àjò ogun Banu Mustaliq, ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ àwọn Muhajirun àti ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ àwọn Ansar jà nídìí omi. Abdullah ọmọ Ubayy, olórí àwọn mùnáfíkì, gbọ́, ó sì bú sẹ́kún ẹ̀tanú. Ó ní kí wọ́n má ṣe náwó lé àwọn àlejò náà lórí mọ́ títí wọn yóò fi tú ká, àti pé bí wọ́n bá padà dé Mẹ̀dínà, ẹni tí ó níyì yóò lé ẹni yẹpẹrẹ jáde. Ọlọ́hun fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú Súrà Munafikun, ẹsẹ keje àti ìkẹjọ, kí gbogbo ayé lè máa kà á títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Nítorí náà, Mùsùlùmí tí ó bá ń sọ pé kí ogúnléndé máa lọ, pé wọ́n ti jẹ ìlú wa tán, kí ó mọ ẹni tí òun ń wí tẹ̀lé.

Ta ni ó sì tú àṣírí Ibn Ubayy? Ọ̀dọ́ ni. Zayd ọmọ Arqam gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò rẹ́rìn-ín sí i, kò fi í ṣe eré, ó mú un lọ sí ibi tí ó yẹ. Ibn Ubayy búra pé òun kò sọ ọ́, àwọn ènìyàn sì gba àgbàlagbà gbọ́ ju ọmọdé lọ. Ìbànújẹ́ bá Zayd títí ó fi jókòó sílé. Ọlọ́hun ni ó jẹ́rìí sí i láti òkè sánmà pé òótọ́ ni ó sọ.

Ẹ̀yin Zayd ti òde òní, ọ̀rọ̀ Ibn Ubayy ṣì ń jáde lójoojúmọ́, nínú ìwé ìròyìn, lórí fóònù, ní ibùdókọ̀, nígbà mìíràn lórí ẹní mọ́sáláṣí wa pàápàá. Ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú etí tí ó la. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ má ṣe fi í ránṣẹ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba dá gbogbo ẹni tí ogun lé padà sílé wọn ní àlàáfíà, kí ó fún àwa tí a wà nílé ní ọkàn àwọn Ansar, kí ó sì ṣọ́ ahọ́n wa níbi tí yóò fi di ẹlẹ́rìí tí yóò takò wá ní ọ̀la. Àmín.